Àṣẹ Síníọ̀ àti Ojúṣe Tó Bá A Rìn

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sùn, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní fi ń gbé korobá méjì lọ sídìí ẹ̀rọ omi: ọ̀kan tirẹ̀, ọ̀kan ti síníọ̀ rẹ̀. Bó bá pẹ́ dé, yóò kúnlẹ̀, yóò na ọwọ́ sókè. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ọ̀wọ̀ àgbà ilẹ̀ Yorùbá ló bí àṣà yìí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá.

Ní ilé ẹ̀kọ́ Eton, Winchester àti Rugby níbẹ̀, ọmọ kékeré ló ń nu bàtà ọmọ ńlá, òun náà ló ń jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Thomas Arnold, tó di ọ̀gá àgbà Rugby ní 1828, kò fòpin sí i. Ó fi àṣẹ lé àwọn ọmọ kíláàsì àgbà lọ́wọ́, àmọ́ ó ní wọn yóò jíhìn fún ìwà àwọn tó wà lábẹ́ wọn.

Thomas Hughes, tó kàwé ní Rugby lásìkò Arnold, kọ ìwé ìtàn àròsọ kan jáde ní 1857, Tom Brown's School Days. Nínú rẹ̀, Flashman tó jẹ́ ọmọ ńlá gbé Tom síwájú iná títí ó fi dákú. Nígbà tí Tom dàgbà, wọ́n fi ọmọ tuntun kan, Arthur, sábẹ́ àbójútó rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, Arthur kúnlẹ̀ gbàdúrà, ọmọkùnrin kan sì ju bàtà lù ú. Tom bọ́ bàtà tirẹ̀, ó jù ú padà lu ọ̀daràn náà. Ilẹ̀ mọ́, Tom fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀. Nígbà tó yá, kò sí yàrá tí wọn kì í ti í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ìjọba amúnisìn dá King's College sílẹ̀ l'Ékòó ní 1909, àti Government College ní Ìbàdàn ní 1929, irú ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe: háòsì, pírífẹ́ẹ̀tì, àṣẹ ọmọ ńlá lórí ọmọ kékeré.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà wá ní ọ̀nà tiwọn láti fi ṣe ojúṣe ọmọ ńlá sí ọmọ kékeré. School father tàbí school mother ni wọ́n ń pe síníọ̀ tó bá gba ọmọ tuntun mọ́ra. Òun ló ń kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ìyẹ̀wò àárọ̀ Sátidé má baà bá a lójijì. Bí gàrí ọmọ bá tán kí òbí tó wá, síníọ̀ a bu tirẹ̀ fún un. Bí ibà bá dá a dùbúlẹ̀, síníọ̀ a gba oúnjẹ rẹ̀ ní yàrá ìjẹun lọ bá a.

Níbi tí ojúṣe yìí ti sọnù, ìyà nìkan ló kù. Eton fòpin sí àṣà ìránṣẹ́ náà ní nǹkan bí 1980. Ní Nàìjíríà, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 kà á léèwọ̀ láti fìyà jẹ ọmọ ní ara tàbí lọ́kàn. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007.

Èkó tún pín ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama sí méjì, kékeré lọ́tọ̀, àgbà lọ́tọ̀. Èyí lè dín ìfìyàjẹni kù, àmọ́ ó mú school father náà kúrò nítòsí. Iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ JSS3 báyìí, kíláàsì tó ga jù ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó mọ ibi tí ọmọ tuntun ti ń dá jókòó nígbà ìsinmi.