Ìlàjà Láàrin Bàbá àti Ìyá Ọmọ: Láti Agboolé dé Ibùdó Ìlàjà

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ni í jìyà. Bí bàbá àti ìyá bá ń jà, ọmọ ni koríko ọ̀hún. Láti ayébáyé ni àwùjọ Yorùbá ti ní ètò tí a fi ń pẹ̀tù sí irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: òṣùwọ̀n wo ni a fi ń mọ̀ pé ètò ìlàjà kan yọrí sí rere? A ó wo agboolé àtijọ́, kóòtù ìbílẹ̀ lábẹ́ ìjọba amúnisìn, àti ibùdó ìlàjà òde òní. Èrò wa ni pé ohun tí ètò kọ̀ọ̀kan ń kà ni ó ń rí, ó sì pẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọmọ mọ́ ọn.

Ìlàjà Nínú Agboolé

Ní àtijọ́, ìdílé méjì ni ìgbéyàwó ń so pọ̀, kì í ṣe ẹni méjì péré. Lóòótọ́, bí ojú bá ti mọ ojú, alárinà a yẹ̀ba. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá dé, a lè tún ránṣẹ́ pè é. Ìyálé ilé, baálé àti àwọn òbí ìyàwó náà a dá sí i. Wọn a gbọ́ ti ọkọ, wọn a gbọ́ ti aya, nítorí a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àmójútó ni agbára ètò yìí: inú agboolé kan náà ni onílàjà àti oníjà ń gbé. Bí ìjà bá tún ṣẹ́yọ lóru, àgbà gbọ́. Bí ìyá bá tilẹ̀ bínú lọ sí ilé bàbá rẹ̀, àwọn obìnrin ilé wà tí yóò bọ́ ọmọ.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidigidi. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi àìsí ìkọ̀sílẹ̀ ṣe ẹ̀rí àìsí ìjà. Ìtìjú dídi dálémoṣú mú kí obìnrin mìíràn fara da ìyà, ẹbí ọkọ ló sì sábà máa ń pọ̀ jù níbi ìjókòó ìlàjà. Ìdákẹ́jẹ́ ilé ni òṣùwọ̀n wọn.

Kóòtù Ìbílẹ̀

Nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí Òfin Kóòtù Ìbílẹ̀ ti 1914 sì dé, ọ̀nà mìíràn là fún obìnrin. Ó lè pe ọkọ lẹ́jọ́ kí ó sì gba ìkọ̀sílẹ̀, bí a bá ti dá owó orí padà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkùnrin tí ó fẹ́ fẹ́ ni yóò san án. Ìtúsílẹ̀ ńlá ni èyí fún ẹni tí a ń fìyà jẹ. Síbẹ̀, owó ni ẹjọ́ náà ń dá lé: èló ni a san, èló ni a ó dá padà? Ní ti ọmọ, ìlànà pé bàbá ló lọmọ ni a ń tẹ̀ lé, àfi ọmọ ọmú tí í dúró ti ìyá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí adájọ́ bá ti dájọ́, kò sí ẹni tí yóò padà lọ bẹ ilé wò. Kò yani lẹ́nu pé a ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ àyálò tí ó wà nínú òwe náà fúnra rẹ̀ fi hàn pé ìrírí sáà yìí ló bí i.

Òfin àti Ibùdó Ìlàjà

Abala 11 nínú òfin ìkọ̀sílẹ̀ ti 1970 ní kí adájọ́ kọ́kọ́ wo bóyá tọkọtaya lè parí ìjà. Ó lè sún ẹjọ́ síwájú, ó sì lè yan ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìlàjà. Abala 71 fi ire ọmọ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó alákọsílẹ̀ ti ìjọba nìkan ni òfin yìí wà fún. Kò kan ti ìbílẹ̀ tàbí ti Mùsùlùmí. Ní 1999, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá ibùdó ìlàjà ará-ìlú sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ wọn, ẹni tí kò lówó lọ́yà sì lè gbé ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ lọ síbẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, tún fi ìdí ire ọmọ múlẹ̀.

Òṣùwọ̀n Tí Ó Yẹ

Nínú ìròyìn irú ibùdó bẹ́ẹ̀, iye ẹjọ́ tí a parí àti iye owó tí a gbà fún olùpẹ̀jọ́ ni a sábà ń rí kà. Ó dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kọ́ ni ìjà ń tán. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a padà wá bèèrè lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ǹjẹ́ owó oúnjẹ àti ti ilé-ìwé ṣì ń wọlé? Ǹjẹ́ ọmọ ń rí bàbá àti ìyá láìjẹ́ pé a fi í ṣe agbọ̀ràn-sọ láàrin wọn? Ǹjẹ́ kì í ṣe ìbẹ̀rù ló mú kí ẹnì kan gbà? Níbi tí lílù bá wà, ààbò ló yẹ kó ṣáájú ìlàjà. Àwọn tí ó kọ ara wọn sílẹ̀ pàápàá lè jẹ́ àṣeyọrí onílàjà, bí wọ́n bá lè jọ jíròrò ọ̀rọ̀ ọmọ láìjà.

Àgbálọgbábọ̀

Agboolé mọ àmójútó, kóòtù ṣí ìlẹ̀kùn fún ẹni tí ara ń ni, ibùdó ìlàjà sì mú ìrànlọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ tálákà. Kí a kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ló kù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n àgbà tí kò bá wẹ̀yìn wò kò lè mọ̀ bóyá orí náà tún ti wọ́.