Claudia Jones, Àlejò Obìnrin tí ó Dá Ìwé Ìròyìn Sílẹ̀ ní London

Ilẹ̀ Àwórì tiwa yìí mọ àlejò í gbà. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní 1983 àti ọjà Àlàbá ti mú kí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà wá kọ́lé tì wá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ tiwa náà sì ti di àlejò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn àlejò kan tí ó mọ iyì ìwé ìròyìn fún ẹni tí ó jìnnà sílé.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kejì, 1915, ni a bí Claudia Jones ní ìlú Port of Spain, ní erékùṣù Trinidad, níbi tí a ṣì ń bọ Ṣàngó títí di òní, nítorí àwọn Yorùbá tí a kó débẹ̀ láyé àtijọ́. Ní 1924 ó dé New York. Ikọ́ ẹ̀gbẹ mú un nígbà èwe rẹ̀ nínú ilé olótùútù tí àwọn tálákà ń gbé, ara rẹ̀ kò sì le dáradára mọ́ láti ìgbà náà. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ kí ó tó di òǹkọ̀wé àti olóòtú ìwé ìròyìn láàárín àwọn Kọ́múníìsì. Nítorí òṣèlú yìí ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fi í sẹ́wọ̀n ní 1955, tí wọ́n sì lé e lọ sí London ní oṣù kejìlá ọdún náà.

Ní oṣù kẹta 1958, ní Brixton, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí a ti ń ta àwo orin, ó dá ìwé ìròyìn *West Indian Gazette* sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú. Lára àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́ ni Amy Ashwood Garvey, ọmọ Jàmáíkà. Obìnrin yìí kò ṣàjèjì sí wa: òun àti Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, ni ó dá ẹgbẹ́ Nigerian Progress Union sílẹ̀ ní London ní 1924, oyè Ìyálóde ni Ṣólàńkẹ́ sì fi dá a lọ́lá.

Ọdún 1958 náà kò tíì parí nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun kọlu àwọn ènìyàn dúdú ní Notting Hill. Kí ni Claudia ṣe? Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní, 1959, ìwé ìròyìn rẹ̀ pe ijó àti orin àwọn ará erékùṣù jọ sí gbọ̀ngàn St Pancras. Apá kan owó ìwé ètò ọjọ́ náà wà fún owó ìtanràn àwọn ọ̀dọ́ tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi nínú rògbòdìyàn náà.

Ṣùgbọ́n owó kò tó iṣẹ́ náà rí. Donald Hinds, agbowó ọkọ̀ bọ́ọ̀sì, a máa kọ ìròyìn sínú rẹ̀, a sì tún máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tà á. Ní oṣù kejìlá 1964 Claudia kú, ẹni ọdún 49. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ìwé ìròyìn náà fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ní 2008 ni iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ àwòrán rẹ̀ sára sítáǹbù.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ wa nìyí. Ọ̀pọ̀ ni ó fẹ́ràn ìwé náà, ṣùgbọ́n èjìká obìnrin aláìlera kan ni ẹrù rẹ̀ wà, nígbà tí ó sì lọ, ìwé náà bá a lọ. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ìwé ọdọọdún tiwa yìí kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá kà á, kí ó san owó rẹ̀. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn odi, kí ó fi ìròyìn ránṣẹ́. Kí a má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú àlejò tí ó wà láàárín wa, nítorí a kò mọ èyí tí yóò tún ìlú ṣe nínú wọn. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a tún pàdé lójú ìwé yìí ní àmọ́dún.