Bí Jíà Bá Kọ̀ Tí Kò Wọlé: Ẹ Yẹ Kílọ́ọ̀ṣì Wò Kí Wọ́n Tó Sọ Jíábọ́ọ̀sì Kalẹ̀

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ọkọ̀ àtijọ́ kan ṣì wà tó ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé kéú, tó sì ń gbé àwọn ìyá lọ sí àsàlátù lọ́jọ́ Àìkú. Ó lè jẹ́ Píjò 504, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, ó sì lè jẹ́ bọ́ọ̀sì Hiace. Ọ́ìlì ló ń ti kílọ́ọ̀ṣì wọn, kì í ṣe wáyà bíi ti Ìjàpá Volkswagen. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ ìyàtọ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sanwó ohun tí kò bàjẹ́.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí. À ń lọ síbi yìgì lọ́jọ́ Sátidé kan, a dúró rapo, jíà sì kọ̀, kò wọlé mọ́. Mẹkáníìkì tí a kọ́kọ́ rí ní jíábọ́ọ̀sì ti kú, ká lọ wá tòkunbọ̀ mìíràn. Ẹlòmíràn wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ní rọ́bà inú pọ́ǹpù ìsàlẹ̀ ló ti jẹ, ọ́ìlì sì ti jò tán. Owó rọ́bà náà kò tó owó epo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ yín ń ti pọ́ǹpù òkè. Pọ́ǹpù náà á ti ọ́ìlì bírékì gba inú páìpù lọ sí pọ́ǹpù ìsàlẹ̀ tó wà lára jíábọ́ọ̀sì. Ìyẹn á ti irin kan tó dà bíi fọ́ọ̀kì, fọ́ọ̀kì á ti bẹ́árììnì, bẹ́árììnì á tẹ pírẹ́ṣọ̀ pílétì, díìsì á sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Ìgbà yẹn ni jíà tó lè wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Afẹ́fẹ́ ṣe é fún pọ̀, ọ́ìlì kò ṣe é fún pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọ inú páìpù, agbára ẹsẹ̀ yín kò ní dé ìsàlẹ̀ tán.

Nítorí náà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ dán gbogbo jíà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo wọn bá wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, tí wọn kò wọlé nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kílọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin kíákíá. Bí jíà bá wọlé lẹ́yìn èyí, afẹ́fẹ́ ti wọ ọ́ìlì tàbí ọ́ìlì ti dín. Bó bá wọlé, àmọ́ tí ọkọ̀ tún ń rọra fẹ́ lọ nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, rọ́bà inú pọ́ǹpù òkè ló sábà máa ń jẹ́. Èyí ló ń tan èèyàn jù, torí ọ́ìlì ń gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà padà sínú agolo rẹ̀ ni, ẹ kò ní rí jíjò kankan nílẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ó ń jò síta, ẹ fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà, kí ẹ sì ká rọ́bà tó bo ẹnu pọ́ǹpù ìsàlẹ̀ sẹ́yìn. Ibi tó bá tutù ni kí ẹ mú. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, agolo ọ́ìlì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì àti bírékì jọ ń lò. Bí ọ́ìlì bá ń dín nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi kó ọmọ yín lọ síbì kankan títí ẹ ó fi mọ ibi tó ń gbà lọ.

Irú ọ́ìlì tí wọ́n kọ sórí ìdérí agolo, DOT 3 tàbí DOT 4, ni kí ẹ lò. A mọ àwọn tó ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i kí wọ́n ṣáà lè délé. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á mú kí gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ wú, ohun tó yẹ kó jẹ́ pọ́ǹpù kan á sì di pọ́ǹpù méjì àti páìpù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọ́jú ọ́ìlì bírékì sínú ike omi mímu nínú ilé. Májèlé ni, ọmọdé kò sì lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Èèyàn méjì ló ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Ẹnì kan á tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, èkejì á tú nọ́ọ̀tì kékeré ara pọ́ǹpù ìsàlẹ̀ kí ọ́ìlì òun afẹ́fẹ́ jáde, á dì í padà, kí ẹni tòkè tó gbé ẹsẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé dídì yẹn, afẹ́fẹ́ mìíràn lẹ fà wọlé. Ẹ máa bu ọ́ìlì kún agolo títí híhó á fi dáwọ́ dúró. Bó bá jẹ́ pé ẹ gbé ọkọ̀ sókè, ẹ má wọ abẹ́ rẹ̀ lórí jáàkì nìkan.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí ọkọ̀ kò fà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Díìsì ti jẹ tán, tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti kàn án. Bí ariwo bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, bẹ́árììnì kílọ́ọ̀ṣì ni. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò ló ń pariwo, tó sì ń dákẹ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ gbọ́ ti jíábọ́ọ̀sì. Jíà kan ṣoṣo tó ń han, bíi jíà kejì, tàbí èyí tó ń fò jáde fúnra rẹ̀, inú jíábọ́ọ̀sì náà ni ẹjọ́ rẹ̀ sábà máa ń wà.

Bó bá wá di dandan kí wọ́n sọ jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ nítorí díìsì, ẹ ra bẹ́árììnì àti pírẹ́ṣọ̀ pílétì pọ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ sísọ̀ ọ́ kalẹ̀ ń gba owó, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ san án lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta.