Xorg Kò Dúró De Fáìlì Yín

Ìmọ̀ràn kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn tó ti lo Linux tàbí FreeBSD díẹ̀: bí ẹ bá tẹ startx tí ojú kọ̀ǹpútà sì dúdú, ẹ lọ kọ xorg.conf. Wọ́n gbà pé fáìlì yìí ni Xorg, ètò tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, gbọ́dọ̀ kà kó tó lè ya ohunkóhun sójú mọ́nítọ̀. Ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n kọ á wá ti ẹlòmíràn, á dà á kọ. Ìmọ̀ràn náà kò tọ̀nà, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá dáadáa tó ti gbó.

Síbẹ̀, ẹ má fi àwọn tó ń sọ ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ni nígbà kan. Yunifásítì MIT ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ X, ètò tí Xorg ń gbé ṣiṣẹ́ lónìí, ní 1984, Bob Scheifler àti Jim Gettys ló wà nídìí rẹ̀. X11, ìran rẹ̀ tí a ṣì ń lò dòní, jáde ní 1987. Nígbà tí XFree86 gbé e dé orí àwọn kọ̀ǹpútà PC ní àwọn ọdún 1990, mọ́nítọ̀ onígíláàsì tó wúwo bí nǹkan míì ló wà lórí tábìlì, odi sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kò sí bí káàdì àwòrán ṣe lè bi wọ́n pé ìlà mélòó ni agbára wọn gbé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ló máa ṣí ìwé tó bá mọ́nítọ̀ wá, tó máa wá nọ́ḿbà náà kàn, tó sì máa kọ ọ́ sínú fáìlì tí wọ́n ń pè ní XF86Config, àṣáájú xorg.conf.

Ẹ wo ìlà kan péré nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ti àwòrán tó fẹ̀ ní 1024 tó sì ga ní 768. Nọ́ḿbà tó ṣáájú ni 65.00: káàdì yóò máa ti písẹ́ẹ̀lì mílíọ̀nù 65 jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin tẹ̀lé e fún ìbú, 1024, 1048, 1184, 1344; mẹ́rin mìíràn fún gíga, 768, 771, 777, 806. 1024 nìkan lojú ń rí. Ìyókù títí dé 1344 ni àyè tí ìtànṣán tó ń ya àwòrán fi ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Ẹ pín mílíọ̀nù 65 sí ọ̀nà 1344, ìlà bí 48,363 lẹ ó bá níbẹ̀. Ẹ tún pín ìyẹn sí ọ̀nà 806, ẹ ó rí i pé ìgbà 60 ni wọ́n ń tún gbogbo àwòrán náà yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí mọ́nítọ̀ kò bá lè sá eré yẹn, àwòrán á fà ya, á máa yí bírí. Àwọn ìwé ìtọ́sọ́nà ayé ìgbà náà tiẹ̀ kìlọ̀ pé nọ́ḿbà òdì lè ba mọ́nítọ̀ jẹ́. Ta ló máa la èyí kọjá tí kò ní gbà pé láìsí fáìlì, kò sí àwòrán?

Mọ́nítọ̀ ló kọ́kọ́ la ohùn. Ní 1994, ẹgbẹ́ VESA gbé ìlànà kan kalẹ̀ tó jẹ́ kí mọ́nítọ̀ lè gba inú okùn kan náà tí àwòrán ń gbà wá, kó sì fi ìròyìn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí káàdì. EDID lorúkọ ìròyìn náà, báìtì 128 péré sì ni: ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́nítọ̀, ọdún tó ṣe é, bó ṣe fẹ̀ tó bó sì ṣe ga tó ní sẹ̀ǹtímítà, àti irú àwọn nọ́ḿbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán yẹn, láti ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù. Àwọn àyípadà tó kù ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ ètò wá. Ní 2007, RandR 1.2 jẹ́ kí ènìyàn lè fi àṣẹ xrandr so mọ́nítọ̀ kejì mọ́ ẹ̀rọ láì pa X. Ní 2009, Linux 2.6.29 gba iṣẹ́ yíyan ìwọ̀n àwòrán kúrò lọ́wọ́ X lórí káàdì Intel, ó fà á lé kernel, ọkàn ètò Linux, lọ́wọ́. Xorg server 1.8 ti 2010 ń gbọ́ nípa kíbọ́ọ̀dù àti máòsì láti ọ̀dọ̀ udev, ètò Linux tó ń kíyè sí àwọn ẹ̀rọ tí a bá so mọ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tó fi máa di 1.17 ní 2015, dráífà modesetting ti wà nínú server fúnra rẹ̀, ó sì ń bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ káàdì tí kernel bá ti mọ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn tó ti kó lọ sórí Wayland, ètò tó ń rọ́pò X, kò tiẹ̀ ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi xorg.conf ṣe.

Ibi tí ewu wà nìyí: ohun tí ẹ bá kọ sínú xorg.conf ló ń borí ohun tí mọ́nítọ̀ àti kernel sọ, kódà bó jẹ́ irọ́. Nínú àwọn fáìlì àdàkọ, ìlà tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tó ní kí Xorg lo dráífà vesa. BIOS àtijọ́ ni vesa ń ké pè kó tó lè ṣiṣẹ́. Lórí ẹ̀rọ tó jẹ́ UEFI nìkan ló fi ń gbéra, kò sí ẹni tó máa dá a lóhùn. Bí kernel bá sì ti di káàdì mú, vesa á yẹra fún un. BusID, àdírẹ́sì káàdì nínú ẹ̀rọ, ni ìkejì. Ẹni tó fi lspci wo ẹ̀rọ rẹ̀ tó rí 10:00.0 á kọ PCI:10:0:0 láì mọ̀ pé ìṣirò onímẹ́rìndínlógún ni lspci ń lò, tí xorg.conf sì ń lo onímẹ́wàá. 16 ló yẹ kó kọ. Xorg á wá káàdì títí níbi tí káàdì kò sí, á wá kọ ọ́ pé "no screens found". Ẹni tó ni ẹ̀rọ á ní káàdì òun ti bàjẹ́.

Mo mọ èsì tí wọ́n máa ń fọ̀: "Èmi kọ ọ́, ó sì ṣiṣẹ́." Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n tún ṣe lọ́jọ́ náà. Lórí FreeBSD, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà náà ni wọ́n gbé drm-kmod, àkójọ dráífà káàdì àwòrán, sórí ẹ̀rọ, tí wọ́n fi i915kms tàbí amdgpu sínú kld_list ní rc.conf, tí wọ́n sì fi orúkọ ara wọn kún ẹgbẹ́ video. Lórí Linux, ó lè jẹ́ pé wọ́n yọ nomodeset, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú àṣẹ tó ń gbé kernel dìde láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń fi Linux sórí ẹ̀rọ. Bí kò bá sí fáìlì card kankan nínú /dev/dri, kernel kò tíì mọ káàdì, kò sì sí xorg.conf tó lè bá a mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀rí tó lágbára jù wà nínú àkọsílẹ̀ Xorg fúnra rẹ̀, ní /var/log/Xorg.0.log, tàbí nínú fódà .local/share/xorg ní fódà ilé ẹni tó ń lo ẹ̀rọ bí kò bá jẹ́ root ló ń gbé X dìde. Àmì máa ń wà níwájú àwọn ìlà rẹ̀. (**) ni ohun tó ti inú fáìlì ìṣètò wá, (==) ni èyí tí Xorg yàn fúnra rẹ̀, (--) sì ni èyí tó bi ẹ̀rọ léèrè tí ẹ̀rọ dá a lóhùn. Ẹ ka ti ẹ̀rọ kan tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí kò ní xorg.conf, ẹ ó rí iye tó bi ẹ̀rọ àti iye tó yàn fúnra rẹ̀. (EE) ni ti àṣìṣe, òun ló sì yẹ kí ojú kọ́kọ́ wá nígbà tí mọ́nítọ̀ bá dúdú, kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtikọ fáìlì.

A ṣì nílò fáìlì ìṣètò níbi tí ẹ̀rọ kò ti lè sọ tẹnu rẹ̀. Àpótí kan wà tí àwọn ènìyàn fi ń so kọ̀ǹpútà méjì mọ́ mọ́nítọ̀ kan. Òmíràn nínú wọn kì í jẹ́ kí EDID kọjá. Kọ̀ǹpútà tí kò ní mọ́nítọ̀ rárá lè nílò dráífà dummy. Kíbọ́ọ̀dù náà kò lè sọ èdè tí ẹ fẹ́ fi kọ̀wé. X ní ètò kíbọ́ọ̀dù fún Nàìjíríà, ng, èyí tó ní ẹ̀ka yoruba nínú. Ẹni tó bá tẹ setxkbmap ng -variant yoruba á ní i títí yóò fi pa X. Bó bá fẹ́ kó dúró, kó ṣe fáìlì kékeré kan sínú fódà xorg.conf.d, lábẹ́ /etc/X11 lórí Linux, lábẹ́ /usr/local/etc/X11 lórí FreeBSD. Ìlà mẹ́fà ni: Section "InputClass", Identifier pẹ̀lú orúkọ tó bá wù ú, MatchIsKeyboard "on", Option "XkbLayout" "ng", Option "XkbVariant" "yoruba", EndSection. Kò ní fi ọ̀rọ̀ káàdì tàbí mọ́nítọ̀ kankan síbẹ̀.