Ṣọ́ọ̀kù àti Iṣẹ́ Rẹ̀ Gan-an

Ṣọ́ọ̀kù ni ọ̀pá irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òun ló ń gbé ọkọ̀ ró, ṣùgbọ́n sípíríǹgì ló ń ṣe ìyẹn. Bí táyà bá já sí kòtò, sípíríǹgì á sún kì, á tún nà padà, ọkọ̀ á sì máa fò sókè sódò bí kò bá sí ohun tó dá a dúró. Ìfò yìí ni ṣọ́ọ̀kù ń kápá: písítìnì inú rẹ̀ ń ti ọ́ìlì gba ihò tíntìntín kọjá, agbára ìfò náà á sì di ooru. Ìdí nìyí tí ara rẹ̀ fi máa ń gbóná lẹ́yìn ìrìn ojú ọ̀nà burúkú. Nínú ṣọ́ọ̀kù onípáìpù méjì, ọ́ìlì lè dàpọ̀ mọ́ gáàsì inú rẹ̀ títí yóò fi máa hó bí ọṣẹ, agbára rẹ̀ á sì dínkù. Onípáìpù kan, irú èyí tí iléeṣẹ́ Bilstein ti Jámánì ṣe fún Mercedes-Benz ní 1957, ń fi písítìnì kékeré kan ya gáàsì sọ́tọ̀ kúrò lára ọ́ìlì.

Ẹnìkan lè ní irú ṣọ́ọ̀kù tí wọ́n ń pè ní MacPherson ńkọ́, èyí tí sípíríǹgì wé mọ́ lára? Lóòótọ́, ó ń di táyà mú sí ipò rẹ̀, àmọ́ sípíríǹgì yẹn náà ló ṣì ru ẹrù. Nítorí náà, bí ọkọ̀ yín bá rọ̀ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ yẹ sípíríǹgì wò. Bí ọkọ̀ bá ń fò léraléra, tí ọ́ìlì sì ń jò lára ọ̀pá, ṣọ́ọ̀kù ni kẹ́ ẹ pààrọ̀.