Obìnrin Tó Fi Ìgbálẹ̀ Kọ́ Àwọn Tíṣà Lẹ́kọ̀ọ́

Ìwé ìfẹ́ ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ní 1973, ìjọba ilẹ̀ Peru ní South America dáwọ́ lé iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní ALFIN, pé àwọn fẹ́ kọ́ àwọn àgbà tí kò mọ̀wé. Quechua tàbí Aymara ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ nílé. Kò sí bí tíṣà ṣe lè kọ́ irú wọn bí kò bá kọ́kọ́ mọ ohun tó ń dùn wọ́n lọ́kàn. Tíátà wà lára ohun tí wọ́n fi ń wá a, ọ̀kan nínú àwọn tó sì ń darí rẹ̀ ni Augusto Boal.

Ọmọ Brazil ni Boal, Rio de Janeiro ni wọ́n bí i sí ní 1931. Nígbà èwe rẹ̀, ó bá Abdias do Nascimento rìn, ẹni tó dá ẹgbẹ́ òṣèré adúláwọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, tó sì wá ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1976. Ní 1971, àwọn sójà gbé Boal, wọ́n fìyà jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀, ó di èrò Argentina.

Ojú ti tì í rí ṣáájú ìgbà náà. Ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣeré fún àwọn àgbẹ̀, wọ́n ń kọrin pé kí wọ́n ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nítorí ilẹ̀ wọn. Eré parí, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Virgílio ní ó yá, ẹ gbé ìbọn yín, ká lọ bá wọn! Ìbọn eré mà ni! Ìgbà yẹn ni Boal mọ̀ pé òun ń gba ẹlòmíràn níyànjú ohun tí òun fúnra òun kò lè ṣe.

Ó dé Peru, obìnrin kan wá bá a. Ọkọ rẹ̀ ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ fi kọ́lé, ó sì ń fún un ní ìwé pé rìsíìtì ni. Obìnrin náà kò mọ̀wé, ó ń tọ́jú wọn. Ọjọ́ tí ara fu ú, ó ní kí aládùúgbò kan bá òun kà á. Ìwé ìfẹ́ tí àlè ọkọ rẹ̀ ń kọ ni! Ọkọ sì ń bọ̀ wálé lálẹ́. Kí ni kóun ṣe?

Wọ́n fi í ṣeré, wọ́n dúró níbi tí ọkọ ti ń kanlẹ̀kùn, wọ́n bi àwọn òǹwòran léèrè. Àwọn kan ní kó sunkún, àwọn kan ní kó kó jáde. Òṣèré ń ṣe bí wọ́n ti wí. Obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan ní rárá, àfi kó bá a sọ ọ́ yékéyéké, lẹ́yìn náà kó dárí jì í. Wọ́n ṣe é, inú bí i, ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, ó tún kọ̀ jálẹ̀. Ó sú Boal, ó ní, "Màmá, ẹ kúkú wá fi hàn wá."

Màmá gorí ìtàgé, ó gbé ìgbálẹ̀, ó bo ọkùnrin òṣèré náà. Ó lù ú dáadáa! Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó ní ó ti yé ara àwọn wàyí, òun ti dárí jì í, kó lọ gbé oúnjẹ òun wá láti kíṣìnì.

Èmi ò ní kí ìyàwó máa na ọkọ o. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: bí wọ́n bá jẹ́ kó máa fẹnu sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ta ni ì bá mọ̀ pé ìgbálẹ̀ wà nínú "yékéyéké" tirẹ̀?

Ibẹ̀ ni Boal ti mú ohun tí wọ́n ń pè ní Forum Theatre jáde, tí àwọn tíṣà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ń lò báyìí láti yẹ ìjà inú kíláàsì wò. Wọ́n á ṣe ìjà náà lẹ́ẹ̀kan títí yóò fi bàjẹ́. Wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè kígbe pé "Dúró!", kó bọ́ sí ipò ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ. Nígbà mìíràn tíṣà fúnra rẹ̀ ló máa ṣe ọmọ ilé-ìwé. Á kúnlẹ̀, á na ọwọ́ fún pàṣán, á máa wá ọ̀rọ̀ tó lè sọ.

Wọ́n nà mí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ní sẹ́kọ́ńdìrì nítorí pé mo pẹ́ dé. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ibi tí mo ti ń bọ̀. Odò ni. Èmi ni mo ń pọn omi ilé wa.