Gáàsì CNG nínú ọkọ̀: ohun tó yẹ kí awakọ̀ wa ní Felele mọ̀

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ni èrè awakọ̀ ti ń dínkù. Ohun tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ni gáàsì CNG, lábẹ́ ètò Pi-CNG. Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tẹ́ ẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì, takisí tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Lọ́kọ́ja, àlàyé rẹ̀ rèé.

Kí ni CNG?
Kì í ṣe gáàsì ìdáná o. Gáàsì inú ilẹ̀ ni, tí wọ́n fi ẹ̀rọ fún pọ̀ dé nǹkan bí 200 bar sínú sílíńdà tó nípọn. Tánkì epo ò kúrò: bí gáàsì bá tán lọ́nà, ọkọ̀ á padà sórí epo. Èéfín rẹ̀ kéré. Ní oṣù Kẹwàá 2024, epo ti tó bíi 1,000 náírà ní lítà kan. Nígbà náà, gáàsì tó ń ṣe iṣẹ́ bíi lítà kan ò ju nǹkan bí 230 náírà lọ níbi tí ètò náà ti ń tà á.

Ìrànwọ́ wo ló wà?
Ní oṣù Keje 2023, Ààrẹ ṣèlérí bílíọ̀nù 100 náírà fún bọ́ọ̀sì CNG 3,000, elérò ogún. Ní 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yí ọkọ̀ akérò padà lọ́fẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ bíi NURTW àti RTEAN. Gáréèjì yín ló yẹ kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ béèrè.

Ewu ńkọ́?
Felele ò lè gbàgbé ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 2020, tí tánkà epo gbiná lójú títì, tó pa èèyàn tó lé ní ogún, títí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù iná níbí kì í ṣe ojo. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá 2024, sílíńdà ọkọ̀ kan bú gbàù nílé epo kan ní Benin. Pi-CNG ní sílíńdà tí wọ́n jó pọ̀ fúnra wọn ni, kì í ṣe ojúlówó. Sílíńdà ìdáná ò lè gba agbára CNG láéláé.

Kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ̀ sílẹ̀
• Ibi tí Pi-CNG fọwọ́ sí nìkan ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má lọ bá wẹ́dà ẹ̀bá títì.
• Ẹ ka òǹtẹ̀ ara sílíńdà: 200 bar, ọdún tí wọ́n ṣe é, àti nọ́ńbà rẹ̀.
• Ẹ gba ìwé ẹ̀rí tí nọ́ńbà náà wà nínú rẹ̀.
• Ẹ wádìí ibi tẹ́ ẹ ó ti máa rọ gáàsì lójú ọ̀nà tẹ́ ẹ̀ ń ná. Òótọ́ ni pé Ajaokuta, ní ìpínlẹ̀ Kogi níbí, ni páìpù gáàsì AKK, kìlómítà 614, ti bẹ̀rẹ̀ lọ sí Kano. Ṣùgbọ́n páìpù tó gba ẹ̀yìnkùlé ẹni kọjá kì í ṣe ibùdó ìrọgáàsì.

Ọ̀fẹ́ dáa, àmọ́ ọ̀fẹ́ tí kò ní ìwé ẹ̀rí, ẹ̀mí èrò ni wọ́n fi ń san án.